Ọmọ ọdún 15 tó ń kọ́ Yahoo l'Óṣogbo: ọ̀daràn ni kí olùwádìí kà á sí, àbí ọmọ tó yẹ ká dáàbò bò?

Akẹ́kọ̀ọ́ Òkè-Báálẹ̀ béèrè:

Ìwé àṣekágbá másítà mi dá lórí ìwà ọ̀daràn orí ayélujára àti ọmọdé ní Òṣogbo. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń bójú tó iṣẹ́ náà ní kí n mú ọ̀kan: kí n kọ nípa ọmọ Yahoo, tàbí kí n kọ nípa ààbò ọmọdé, pé ẹni tó bá lé eku méjì á pòfo. Èmi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ pín in. Ọmọ ọdún 15 tí wọ́n ń kọ́ bí yóò ṣe fi àwòrán obìnrin òyìnbó tan ọkùnrin jẹ, abẹ́ èwo ni kí n fi sí? Ẹ̀yin tí ẹ mọ iṣẹ́ yìí, ẹ dá mi lóhùn. Ohun tí mo ń wá ni bí wọ́n ṣe ń ṣe é gan-an, kì í ṣe ìwàásù.

* * *

Olùwádìí Ifẹ̀:

Ìdí wà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n yín fi sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń ṣèwádìí Yahoo àti àwọn tó ń ṣèwádìí ọmọdé kì í sábà ka iṣẹ́ ara wọn. Ṣùgbọ́n àlàfo yẹn gan-an ni kí ẹ dúró sí.

Ọ̀kan nínú àwọn iṣẹ́ tí gbogbo èèyàn máa ń tọ́ka sí lórí Yahoo ní Nàìjíríà, ọwọ́ àwọn olùwádìí OAU ló ti jáde ní 2011. Èèyàn 40 tó ń ṣe é ni wọ́n fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò. Èsì wọn ni pé èyí tó pọ̀ jù wà láàárín ọdún 22 sí 29, tí wọ́n jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ilé ẹ̀kọ́ gíga. Pé wọ́n ń lẹ̀dí àpò pọ̀ mọ́ àwọn agbófinró kan àti òṣìṣẹ́ báǹkì kan, wọ́n sì ń lo oògùn ìbílẹ̀. Iṣẹ́ gidi ni. Àmọ́ ẹ fojú sí bí wọ́n ṣe rí àwọn èèyàn náà: ẹnì kan ló ń júwe ẹnì kejì, ẹnì kejì á tún júwe ẹ̀kẹta. Bí ẹni àkọ́kọ́ bá jẹ́ ọmọ yunifásítì, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì ni yóò júwe. Ọmọ SS1 ò lè bọ́ sínú irú ìlà bẹ́ẹ̀. Ìwádìí yẹn ò wá sọ pé ọmọdé kì í ṣe Yahoo, kò kàn dé ọ̀dọ̀ wọn ni.

Láyé ìgbà yẹn, kàfé ni ẹnu ọ̀nà. Kí èèyàn tó ṣe Yahoo, yóò ra wákàtí, tàbí kó wà ní kàfé mọ́jú. Ọmọ ọdún 14 tí bàbá rẹ̀ ń retí nílé ní aago méje alẹ́ ò rí i ṣe. Fóònù Android àti dátà ti gbé ẹnu ọ̀nà yẹn wọ yàrá ọmọ.

Ẹ wá wo ẹ̀gbẹ́ kejì. Àwọn tó ń ṣèwádìí ọmọdé máa ń pín ewu orí ayélujára sí mẹ́rin: ohun tí ọmọ rí, ẹni tó wá bá ọmọ, ohun tí ọmọ fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, àti bí àwọn oníṣòwò ṣe ń rẹ́ ọmọ jẹ. Ẹ̀kẹta ni ti ọmọ tó ń kọ́ Yahoo. Àyè ti wà fún un nínú ìwádìí ààbò ọmọdé láti ọjọ́ yìí, àwa ni a kì í fi í síbẹ̀. Ìwádìí ńlá tí UNICEF, ECPAT àti INTERPOL jọ ṣe lórí bí wọ́n ṣe ń fi ìbálòpọ̀ rẹ́ ọmọdé jẹ lórí ayélujára, orílẹ̀-èdè 13 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é. Kenya, Uganda, Tanzania àti Ethiopia wà níbẹ̀, Nàìjíríà ò sí. Ọmọ ọdún 12 sí 17 ni wọ́n bi léèrè, nǹkan bí 1,000 ní orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan. Ẹ lè mú nínú ìbéèrè wọn, kí ẹ fi ti ọmọṣẹ́ Yahoo kún un.

* * *

Agbẹjọ́rò Gbọ̀ngán Road:

Òfin ti dáhùn ìbéèrè yín tipẹ́. Nínú Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003, ẹni tí kò bá tíì pé ọdún 18, ọmọdé ni. Abala 204 ní wọn ò gbọdọ̀ gbé ọmọdé gba ọ̀nà ẹjọ́ ọ̀daràn tí wọ́n ń gbé àgbà gbà. Ọ̀nà ìdájọ́ ọmọdé tó wà nínú òfin náà nìkan ni. Abala 205 ní wọn ò gbọdọ̀ gbé ohunkóhun tí aráyé yóò fi dá a mọ̀ jáde. Abala 221 ní kò sí ẹ̀wọ̀n fún un, kò sì sí ẹgba. Ọ̀ṣun ti sọ ọ́ di òfin ìpínlẹ̀, ṣùgbọ́n nọ́ńbà abala lè yàtọ̀, torí náà ẹ la ti Ọ̀ṣun fúnra rẹ̀ kí ẹ tó kọ ọ́ sínú ìwé yín.

Ibi tó ti ń bàjẹ́ ni ọjọ́ orí. Tí wọ́n bá kó èèyàn nínú ilé kan lóru, ohun tí ọmọ bá fẹnu ara rẹ̀ sọ ni wọ́n máa kọ sílẹ̀. Ọmọ míì á ní òun ti pé 18 torí kò fẹ́ kí wọ́n pe bàbá òun. Tó bá ti wọ ìwé bẹ́ẹ̀, ọjọ́ ni yóò gbà kí wọ́n tó tún un ṣe. Ìwé ẹ̀rí ìbí láti ọ̀dọ̀ National Population Commission, NIN, tàbí ìwé ìforúkọsílẹ̀ ilé ìwé ló ń yanjú rẹ̀. Ẹ fi ìyẹn sínú ìwádìí yín: ẹ bi àwọn tó mọ̀ bí wọ́n ṣe ń mọ ọjọ́ orí ọmọ ní àgọ́.

* * *

Olùkọ́ Àgbà Sábó:

Ẹ má bínú, apá kan lẹ ń wò. Ọmọ tí wọ́n ń halẹ̀ mọ́ lókè òkun, ọmọ lòun náà. Ní oṣù kẹta 2022, ọmọkùnrin ọdún 17 kan ní Michigan l'Amẹ́ríkà gba ẹ̀mí ara rẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n fi àwòrán ìhòòhò rẹ̀ dẹ́rù bà á pé kó mówó wá. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan láti Èkó ló wà nídìí rẹ̀. Wọ́n gbé wọn lọ sí Amẹ́ríkà ní 2023, nígbà tó di oṣù kẹsàn-án 2024, ilé ẹjọ́ sọ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sẹ́wọ̀n ọdún 17 àti oṣù mẹ́fà. Ní oṣù keje ọdún yẹn kan náà, Meta pa àkáǹtì Instagram bí 63,000 rẹ́ ní Nàìjíríà nítorí irú iṣẹ́ yìí. Ọmọkùnrin ọdún 14 sí 17 sì ni FBI ń pariwo pé wọ́n ń dójú sọ jù.

Ẹ wá gbé ọmọ SS2 kan ka Òṣogbo, kí ẹ gbé ọmọ SS2 kejì ka Michigan. Ti Òṣogbo ló ń fi àwòrán dẹ́rù ba ti Michigan. Èwo nínú wọn lẹ fẹ́ dáàbò bò? Tí a bá ń kéde pé ọmọ ni wọ́n, òfin ò mú wọn, ọ̀gá wọn ni yóò kọ́kọ́ gbọ́, ọmọdé nìkan ni yóò sì máa kó sílé.

* * *

Wẹ́fíà Abẹ́rẹ́:

Gbólóhùn yín tó kẹ́yìn ni mo fẹ́ dì mú, Olùkọ́. Ọ̀gá ló ń kó ọmọdé sílé. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ti di ti ààbò ọmọdé.

Bí ilé tí wọ́n ń pè ní HK, ìyẹn Hustle Kingdom, ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Ọ̀gá á gba ilé sí àdúgbò tí kò fi bẹ́ẹ̀ lérò, á ra láptọ̀ọ̀pù, á fa íntánẹ́ẹ̀tì sí i, á gbé jẹnẹrétọ̀ tàbí inverter síbẹ̀, á sì máa bọ́ àwọn ọmọ. Ọmọ ò ní san kọ́bọ̀. Tówó bá wọlé, ọ̀gá ló ń mú èyí tó pọ̀. Oúnjẹ, dátà àti fóònù tí wọ́n fún ọmọ, gbèsè ni wọ́n á kà á sí lọ́jọ́ tó bá ní òun fẹ́ lọ.

Ìdí tí àwọn ẹbí kan kì í fi í tètè fura ni pé ó jọ ohun tí wọ́n mọ̀: ọ̀gá wà, ọmọṣẹ́ wà, ọmọṣẹ́ ń sùn sílé ọ̀gá, yóò sì ṣe fírídọ́ọ̀mù lọ́jọ́ kan. Téèyàn bá kọ́ télọ̀ tàbí mẹkáníìkì báyẹn, a ò rí i bí nǹkan burúkú. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bí ẹ bá ń ṣe ìbéèrè fún òbí, kí ẹ má bi wọ́n pé "Ṣé ọmọ yín ń ṣe Yahoo?" Ẹ bi wọ́n pé ta ni ọ̀gá tó ń kọ́ ọmọ níṣẹ́, irú iṣẹ́ wo ni, ta ló ń sanwó oúnjẹ, ìgbà wo lọmọ wálé gbẹ̀yìn. Àwọn ìdáhùn yẹn ló ń tú àṣírí ilé.

Ọmọ tó kéré jù níbẹ̀ ni wọ́n máa ń fún níṣẹ́ ìbẹ̀rẹ̀: kó ṣí àkáǹtì, kó ṣa àwòrán jọ, kó máa kí àwọn tó bá gba ìbéèrè ọ̀rẹ́, kó da format, ìyẹn ọ̀rọ̀ ẹ̀tàn tí wọ́n ti kọ sílẹ̀, sí wọn. Kì í mọ ibi tówó ń gbà wọlé. Ọmọ míì wà tí kò dé HK rárá, tó jẹ́ pé aza, ìyẹn nọ́ńbà àkáǹtì báǹkì, ìyá rẹ̀ àgbà ló fún wọn, pẹ̀lú NIN màmá náà. Ìròyìn á dé pé wọ́n ti ti àkáǹtì màmá pa, kò sì sẹ́ni tó máa mọ̀dí.

Ipò mẹ́ta lọmọ lè wà lẹ́ẹ̀kan náà: ẹni tí wọ́n ń halẹ̀ mọ́, ẹni tí wọ́n fi àkáǹtì tàbí orúkọ rẹ̀ ṣiṣẹ́, àti ọmọṣẹ́. Ọmọ tí wọ́n fi àwòrán rẹ̀ halẹ̀ mọ́ ní oṣù yìí lè di ẹni tí wọ́n ní kó máa fi tẹlòmíì halẹ̀ lóṣù tó ń bọ̀, kó lè san owó tí wọ́n ń béèrè. Tí ẹ bá pín ìwádìí sí méjì, ẹ máa pàdánù irú ọmọ yìí.

Nípa ìdájọ́: ọ̀nà ìdájọ́ ọmọdé kì í ṣe pé kí wọ́n ní "máa lọ sílé." Ilé ẹjọ́ lè fi ọmọ sábẹ́ ìtọ́jú òṣìṣẹ́ wẹ́fíà, ó lè ní kí òbí sanwó gbà-máà-bínú, ó lè fi ọmọ sí ilé àtúnṣe tí ìjọba fọwọ́ sí. Ọ̀gá ní tirẹ̀, òfin tó de kíkó èèyàn ṣòwò, ti 2015, lè mú un, nítorí pé ọmọdé ò lè fọwọ́ sí i pé kí wọ́n lo òun. Ó gbà o, kò gbà o, ọ̀kan náà ni. NAPTIP, àjọ ìjọba tó ń gbógun ti kíkó èèyàn ṣòwò, ló ni ìyẹn, 627 ni nọ́ńbà wọn. Lándílọ́ọ̀dù tó mọ̀ tó sì fi ilé sílẹ̀ fún jìbìtì, òfin 419 ti 2006 ní ẹ̀wọ̀n ọdún 5 sí 15, kò sí owó ìtanràn.

* * *

Ìyá Ìbejì Àyétòrò:

Ẹ ń sọ̀rọ̀ ìwé. Ọmọbìnrin ọdún 14 tí ẹnì kan ń fi àwòrán rẹ̀ halẹ̀ mọ́ lálẹ́ òní, tó ní bí ₦50,000 ò bá wọlé títí aago mẹ́wàá òun á fi ránṣẹ́ sí gbogbo kíláàsì, kí ni ìyá rẹ̀ yóò ṣe kílẹ̀ tó mọ́?

* * *

Àtúnṣe Fóònù Ọláìyá:

Màmá, ìbéèrè gidi nìyẹn. Bó ṣe yẹ kí ó tẹ̀ léra ni mo ṣe kọ ọ́.

Ẹ má sanwó. Ẹni tó bá san ₦50,000, ₦100,000 ni wọ́n á béèrè lọ́la, torí ó ti fi hàn pé ó lówó, ẹ̀rù sì ń bà á. Ẹ má fèsì mọ́, ẹ má bú u. Ẹ má sì tíì block.

Kí ẹ tó block, ẹ kó ẹ̀rí jọ. Ẹ ya screenshot ibi tó ti ń halẹ̀, kí ọjọ́ àti aago hàn. Lórí Instagram, ẹ má kọ orúkọ tó ń jẹ́ lókè nìkan, torí ó lè yí i padà ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ wọ inú àkáǹtì rẹ̀, kí ẹ ṣàdàkọ líǹkì rẹ̀. Lórí WhatsApp, ẹ kọ nọ́ńbà rẹ̀ pẹ̀lú kóòdù orílẹ̀-èdè. Nọ́ńbà àkáǹtì tó ní kí ẹ sanwó sí àti orúkọ tó wà lórí rẹ̀ ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá report. WhatsApp máa ń rí ọ̀rọ̀ márùn-ún tó kẹ́yìn tí ẹni náà fi ránṣẹ́ tí ẹ bá report rẹ̀. Àpótí kékeré kan wà níbẹ̀ tó sọ pé òun á block ẹni náà, òun á sì pa ọ̀rọ̀ rẹ́. Ẹ yọ àmì kúrò nínú rẹ̀ kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ gbogbo ẹ̀rí á lọ. Tí ẹ bá ti report tán, ẹ wá block.

Àwòrán fúnra rẹ̀ ló kàn. Ìkànnì kan wà tó ń jẹ́ Take It Down, takeitdown.ncmec.org, ọ̀fẹ́ ni, NCMEC, àjọ ààbò ọmọdé kan ní Amẹ́ríkà, ló ni ín. Ti ẹni tó wà nínú àwòrán nígbà tí kò tíì pé 18 ni. Ẹ máa tọ́ka sí àwòrán náà lórí fóònù yín, yóò ṣe nọ́ńbà gígùn kan tó dá yàtọ̀ fún un, nọ́ńbà yẹn nìkan ló ń kúrò lórí fóònù, àwòrán ò lọ síbì kankan. Facebook, Instagram, TikTok àti Snapchat ń gba nọ́ńbà náà, tí àwòrán bá ti dé ọ̀dọ̀ wọn, wọ́n á dá a mọ̀. Ibi tó kù sí: tí ọmọ bá ti pa àwòrán rẹ́ lórí fóònù tìjú-tìjú, kò sóhun tí ẹ fẹ́ fi ṣe nọ́ńbà. Tí ẹni náà bá gé àwòrán tàbí kọ nǹkan sí i lójú, nọ́ńbà yóò yí padà. Kò sì dé inú WhatsApp. Ẹni tó bá ti pé 18 kí wọ́n tó ya àwòrán náà, StopNCII, irú ìkànnì yìí fún àgbà, ni tirẹ̀.

Èyí tó kẹ́yìn lálẹ́ yẹn: ẹ sọ àkáǹtì ọmọ di private, ẹ yí páásìwọọ̀dù padà, ẹ wo Linked devices nínú WhatsApp bóyá fóònù míì so mọ́ ọn, ẹ yọ ọ́. Ẹ má fi ọmọ sílẹ̀ láti dá sùn.

* * *

Agbẹjọ́rò Gbọ̀ngán Road:

Ẹ fi èyí kún un. Ẹ má fi àwòrán ìhòòhò ọmọ náà ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni, ì báà ṣe sí bàbá rẹ̀, ọ̀gá ilé ìwé, pásítọ̀, áàfáà, tàbí ọlọ́pàá lórí WhatsApp. Abala 23 nínú òfin ìwà ọ̀daràn orí ayélujára ti 2015, tí wọ́n tún ṣe ní 2024, ò ya ẹni tó ṣe é pẹ̀lú èrò rere sọ́tọ̀: títọ́jú rẹ̀ lè di ẹ̀wọ̀n ọdún 5, títàn án kálẹ̀ lè di ọdún 10. Fóònù gan-an ni kí ẹ gbé lọ, kí wọ́n wò ó lójú yín.

Ohun tó ń pa ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ ní kóòtù ni abala 84 nínú Òfin Ẹ̀rí ti 2011. Ẹ̀rí tó ti inú kọ̀ǹpútà tàbí fóònù jáde gbọ́dọ̀ ní ìwé tó ń jẹ́rìí sí ẹ̀rọ tó ti wá àti pé ẹ̀rọ náà ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Screenshot tí ẹnì kan tẹ̀ jáde ní business centre, tí kò sẹ́ni tó lè sọ fóònù tó ti wá, wọ́n lè yí i dànù. Ẹ má reset fóònù, ẹ má ta á, ẹ fi SIM sílẹ̀ nínú rẹ̀. Abala 38 nínú òfin ìwà ọ̀daràn orí ayélujára ní kí ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù tọ́jú àkọsílẹ̀ fún ọdún 2, torí náà ẹ má jẹ́ kó pẹ́. Ọlọ́pàá ní ẹ̀ka kan l'Abuja, National Cybercrime Centre, tí èèyàn lè fi ẹjọ́ sùn lórí ìkànnì wọn. Ní Òṣogbo, ẹ ní kí wọ́n fún yín ní ọlọ́pàá obìnrin, kí ìyá tàbí bàbá sì wà níbẹ̀ tí wọ́n bá ń bi ọmọ ní nǹkan.

* * *

Olùkọ́ Àgbà Sábó:

Ìyẹn kan àwa olùkọ́. Ilé ìwé tó ń fọ́ fóònù ọmọ lórí ìlà, níwájú gbogbo èèyàn, ẹ̀rí ló ń fọ́. Gbígbà á tọ́, èmi ò yẹ̀ lórí ìyẹn. Àmọ́ kí wọ́n fi sí airplane mode kí ẹnikẹ́ni má lè ti òkèèrè pa nǹkan rẹ́ lórí rẹ̀, kí wọ́n fi sínú àpòòwé, kí wọ́n kọ orúkọ àti aago sí i, kí ọmọ àti olùkọ́ fọwọ́ sí i, kí òbí wá gbà á.

* * *

Àtúnṣe Fóònù Ọláìyá:

Ọpọ́n Ìmọ̀, tábúlẹ́ẹ̀tì àwọn ọmọ ilé ìwé tí ìjọba Ọ̀ṣun gbé jáde ní 2013, ìwé àti ìbéèrè ìdánwò ló wà nínú rẹ̀, kì í lọ sórí ayélujára. Ti ìsinsìnyí, fóònù àlòkù ni, gbogbo ayé ló wà nínú rẹ̀, Gmail tí wọ́n sì fi ṣí i, ọmọ ṣọ́ọ̀bù tó tà á ló ṣe é. Páásìwọọ̀dù wà lọ́wọ́ ọmọ ṣọ́ọ̀bù, nọ́ńbà tí Google fi ń dá oní-nǹkan mọ̀, tirẹ̀ ni. Fọ́tò tí ọmọ bá yà, tí Google Photos bá ń tọ́jú rẹ̀, ẹni tó ní páásìwọọ̀dù lè rí i láti ibòmíì. Ọ̀pọ̀ òbí ò ro ìyẹn mọ́ ọn.

Ọdún ìbí ló tún kàn. WhatsApp, Instagram àti TikTok, ọdún 13 ni wọ́n ti ń gba ọmọ. Ọmọ ọdún 11 á kọ 1998. Láti ọjọ́ náà, àgbà ni wọ́n kà á sí. TikTok tí kì í jẹ́ kí ẹni tí kò tíì pé 16 fi ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ ránṣẹ́ á ṣílẹ̀kùn fún un. Àkáǹtì ọ̀dọ́ tí Instagram bẹ̀rẹ̀ ní 2024 ò ní kàn án. Family Link ti Google dáa, ọ̀fẹ́ sì ni, ṣùgbọ́n ọmọ gbọ́dọ̀ ní Gmail tirẹ̀ pẹ̀lú ọdún ìbí tòótọ́. Kì í sì í ka ọ̀rọ̀ inú WhatsApp fún yín. Nínú WhatsApp, ẹ lọ sí Settings, Privacy, Groups, kí ẹ fi sí My contacts, kí àjèjì má baà máa fa ọmọ wọ gúrúùpù.

Akẹ́kọ̀ọ́, nínú ìbéèrè yín, ẹ fi "Ta ló ṣí Gmail rẹ?" àti "Ọdún wo lo kọ sí i?" sí i. Àwọn ọmọ máa dáhùn, torí kò sí ìtìjú nínú rẹ̀.

* * *

Akẹ́kọ̀ọ́ Òkè-Báálẹ̀:

Ẹ ṣé. Mo ti fẹ́ mú ọmọ ilé ìwé sẹ́kọ́ńdírì 400, pẹ̀lú fọ́múlà Yamane tí wọ́n fi ń ṣírò iye èèyàn tó yẹ kí wọ́n bi léèrè. Ṣé ó tó?

* * *

Olùwádìí Ifẹ̀:

Rárá, ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Yamane, bí iye ọmọ ìlú bá ṣe wù kó pọ̀ tó, kì í kọjá 400 tí ẹ bá gba àṣìṣe ìdá 5 nínú 100. Ṣùgbọ́n ó rò pé ẹ ń ṣa ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan káàkiri ìlú. Ẹ̀yin máa mú kíláàsì odindi ní ilé ìwé mélòó kan, ọmọ kíláàsì kan náà sì máa ń jọra wọn, fóònù kan náà, gúrúùpù kan náà. Wọ́n sábà máa ń sọ iye náà di ìlọ́po méjì nítorí ìyẹn, ó di 800. Òṣogbo kì í sì í ṣe ìjọba ìbílẹ̀ kan, Ọlọ́rúndá wà nínú ìlú náà. Tí ẹ bá fi Òṣogbo nìkan ṣe é, gbogbo apá Ìgbòńà ti bọ́.

Ká tiẹ̀ ní ẹ rí 800. Ká fi ṣe àpẹẹrẹ lásán pé ọmọ 3 nínú 100 ti dé HK rí: ọmọ 24 péré nìyẹn, àwọn tó ti fi ilé ìwé sílẹ̀ nítorí rẹ̀ ò sì sí nínú kíláàsì lọ́jọ́ tí ẹ lọ. Fọ́ọ̀mù ilé ìwé lè sọ fún yín nípa ọmọ tí wọ́n halẹ̀ mọ́ àti ọmọ tí wọ́n gba aza lọ́wọ́ rẹ̀, kò lè sọ tọmọṣẹ́.

Fún ọmọṣẹ́, ẹ wá àwọn tó ti pé 18 sí 21 báyìí, tí wọ́n wọlé kí wọ́n tó pé 18. Àwọn fúnra wọn lè fọwọ́ sí ìwé ìyọ̀ǹda, ẹ ò nílò òbí. 20 sí 25 tó tí ẹ bá bá wọn sọ̀rọ̀ pẹ́. Kí ẹ má gba ẹnu ẹnì kan ṣoṣo bẹ̀rẹ̀ ìlà náà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi mẹ́rin tó yàtọ̀, bóyá ibi ìkọ́ṣẹ́ ọwọ́, ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí, ọ̀dọ̀ wẹ́fíà, àti ilé ẹ̀kọ́ gíga. Ẹ máa rí i pé ìtàn wọn á yàtọ̀.

* * *

Wẹ́fíà Abẹ́rẹ́:

Mi ò fara mọ́ gbogbo rẹ̀. Ẹni ọdún 20 tó ń rántí ọdún 15 rẹ̀ á ti tún ìtàn ṣe. Á sọ pé òun ló pinnu, torí ojú ń tì í láti sọ pé wọ́n lo òun. Ẹ ní láti gbọ́ lẹ́nu ọmọdé náà, tó bá tiẹ̀ jẹ́ mẹ́fà.

* * *

Olùwádìí Ifẹ̀:

Òótọ́ ni pé ìrántí máa ń yí. Ṣùgbọ́n fún ọmọdé, òbí gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, ọmọ fúnra rẹ̀ náà gbọ́dọ̀ gbà. Tó bá jẹ́ òbí ló mú ọmọ lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá ńkọ́? Ẹ ò lè tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹni tí ọmọ ń sá fún. Ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ìwà ọmọlúàbí nínú ìwádìí nìkan ló lè yọ̀ǹda pé kí ẹ fo òbí, wọ́n á sì béèrè ẹni tó máa rọ́pò rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ síwájú wọn kí ẹ tó tẹ fọ́ọ̀mù kankan.

Mo lè gbà pé kí ó jẹ́ mẹ́fà, tó bá jẹ́ àwọn tó ti wà lábẹ́ ìtọ́jú wẹ́fíà tẹ́lẹ̀.

* * *

Akẹ́kọ̀ọ́ Òkè-Báálẹ̀:

Tí ọmọ kan bá kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù pé wọ́n ń halẹ̀ mọ́ òun lọ́wọ́lọ́wọ́ ńkọ́? Mo ti ṣèlérí pé mi ò ní sọ fẹ́nì kankan.

* * *

Wẹ́fíà Abẹ́rẹ́:

Ẹ má ṣèlérí yẹn. Kí ẹ tó pín fọ́ọ̀mù, ẹ sọ fún wọn ketekete pé ohun tí wọ́n bá kọ, àṣírí ni, àyàfi tó bá jẹ́ pé ẹnì kan ń ṣe wọ́n níjàǹbá báyìí. Ìyẹn, ẹ máa sọ fún ẹni tó lè ràn wọ́n lọ́wọ́. Wọ́n á mọ ohun tí wọ́n fẹ́ kọ.

Fọ́ọ̀mù tí kò lórúkọ ò jẹ́ kí ẹ mọ ọmọ náà. Torí náà ẹ fi ìwé kékeré kan sí ẹ̀yìn fọ́ọ̀mù, tí GBOGBO ọmọ á ya lọ sílé, kí ẹnì kan má baà dá yàtọ̀: 627, ibi tí ọ́fíìsì wẹ́fíà wà, orúkọ olùkọ́ agbaninímọ̀ràn ilé ìwé náà, àti líǹkì Take It Down. Kí àlàfo kan wà níbẹ̀ tí ọmọ tó bá fẹ́ kí wọ́n pe òun á kọ orúkọ sí, kó sọ ọ́ sínú àpótí lọ́tọ̀. Àwọn tí kò fẹ́ náà á ju tiwọn tó ṣófo síbẹ̀. Ẹ ṣí àpótí náà lọ́jọ́ náà gan-an, kì í ṣe lọ́jọ́ tí ẹ bá ń ka fọ́ọ̀mù.

Nínú ìwé tí ẹ máa kọ, ẹ yọ orúkọ òpópó àti ti ilé ìwé kúrò. Tí ẹ bá kọ "ọmọ SS2 kan ní ilé alájà méjì lẹ́yìn Ọjà Ọba," ìlú ti mọ ẹni tó jẹ́. Ohùn tí ẹ gbà sílẹ̀, ẹ fi páásìwọọ̀dù tì í, ẹ pa á rẹ́ tí ẹ bá ti kọ ọ́ sínú ìwé tán.

Ẹ ṣe é ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun sí Ọjọ́bọ̀, láàárọ̀. Tí ọmọ kan bá sọ̀rọ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, ọ́fíìsì ti fẹ́ ti, ọmọ á gbé e délé, á sì dá gbé e di ọjọ́ Ajé. Ẹ pe wẹ́fíà lọ́jọ́ tó ṣáájú láti mọ̀ pé ẹnì kan wà ní ìkàlẹ̀. Tí wọ́n bá ní kò sẹ́ni tó máa ráyè, ẹ sún un síwájú.